Oògùn Aago Méje: Bí Nọ́ọ̀sì Tó Ní Wárápá Ṣe Lè Ṣiṣẹ́ l'Ékòó

Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù l'Ékòó, aago 8 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́ ni àwọn nọ́ọ̀sì máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Aago 8 yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ní wárápá máa ń lo oògùn: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí wọ́ọ̀dù ṣe máa ń rí ní aago 8. Àwọn tó ń lọ ń ròyìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó ń bọ̀ ń ka oògùn inú kọ́bọ́ọ̀dù, dírípù ẹnì kan ti tán, ìyá aláìsàn kan ń bèèrè ìgbà tí dókítà máa dé. Oògùn tiyín wà nínú báàgì, báàgì wà nínú yàrá tí ẹ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí ẹ óò fi rántí, aago 11 ti kọjá.

Nítorí náà, ohun tí mo máa kọ́kọ́ sọ fún nọ́ọ̀sì tó ní wárápá ni pé kó gbé oògùn rẹ̀ kúrò ní aago 8 lọ sí aago 7. Kò sí ṣíìfù tí aago 7 kò bá mu. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ àárọ̀, aago 7 á bá yín nínú ọkọ̀ tàbí ní gééètì ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ wá gbé nǹkan. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sán, ti àárọ̀ á bá yín nílé, ti alẹ́ á ku wákàtí kan kí ìró gbígba iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ alẹ́, ẹ óò lo ọ̀kan kí ẹ tó wọlé. Ní aago 7 àárọ̀, ẹ ti pín oògùn aago 6 tán, ẹ ti wọn ìfúnpá gbogbo aláìsàn, àwọn tó máa gba iṣẹ́ kò sì tíì dé. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa gbọ̀n lára yín ní aago náà. Ẹ fi oògùn ọjọ́ méjì sínú àpò aṣọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀, nínú ike kékeré tí orúkọ yín àti orúkọ oògùn wà lára rẹ̀, torí pé hóró oògùn tí kò lórúkọ nínú àpò nọ́ọ̀sì lè di ọ̀ràn ìfura ní wọ́ọ̀dù. Kí ike omi wà pẹ̀lú.

Bí oògùn ṣe ń jáde lára ló fa gbogbo èyí. Levetiracetam, ọ̀kan lára àwọn oògùn wárápá, kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀: láàárín wákàtí 6 sí 8, ìdajì rẹ̀ ti jáde lára àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún pẹ́ kí ó tó lò ó ti ń rìn lẹ́bàá kòtò. Irú carbamazepine tí wọ́n ń kọ CR sí lára rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu. Phenobarbitone yàtọ̀ pátápátá: ó máa ń lò tó ọjọ́ mẹ́ta kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, àmọ́ ó máa ń mú oorun kunni lójú, bí èèyàn bá sì dá a dúró lójijì, wárápá lè dìde léraléra láìdáwọ́ dúró. Bí ẹ bá gbàgbé oògùn, ẹ lò ó bí ẹ bá ṣe rántí. Bó bá ti súnmọ́ àkókò èyí tó kàn, ẹ fò ó. Ẹ má lo méjì pọ̀.

Oorun le ju oògùn lọ, torí pé oògùn wà lọ́wọ́ ẹni, oorun wà lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ róstà. Àìsùn wà lára ohun tó máa ń jí wárápá dìde jù lọ, l'Ékòó sì rèé, ojú ọ̀nà ló ń jẹ oorun. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Ìkòròdú, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, bó bá ṣe iṣẹ́ ọ̀sán, aago 8:30 alẹ́ ni yóò jáde ní wọ́ọ̀dù. Bí ọ̀nà bá dára, á délé ní aago 10:30. Kó jẹun, kó wẹ̀, kó fọ aṣọ iṣẹ́, ó di aago 12 kó tó sùn. Bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sí iṣẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago 4 ni yóò jí. Wákàtí mẹ́rin péré nìyẹn. Lójú tèmi, iṣẹ́ àárọ̀ tó tẹ̀ lé iṣẹ́ ọ̀sán báyìí léwu ju iṣẹ́ alẹ́ lọ, torí pé kò sẹ́ni tó ń kà á sí àìsùn. Bí ẹ bá máa bẹ mátírọ́ọ̀nù fún ohun kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ pé kí wọ́n má ṣe fi iṣẹ́ àárọ̀ tẹ̀ lé iṣẹ́ ọ̀sán fún yín. Kí róstà máa lọ síwájú: àárọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sán, lẹ́yìn náà alẹ́, kí ọjọ́ ìsinmi wà lẹ́yìn alẹ́. Ara máa ń gba ìyẹn ju kí ó máa padà sẹ́yìn lọ.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ alẹ́ rárá. Irú wárápá kan máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ọ̀dọ́langba, juvenile myoclonic epilepsy ni àwọn dókítà ń pè é. Láàárọ̀, kété tí èèyàn bá jí, pàápàá bí kò bá sùn dáadáa, apá á ṣàdédé gbọ̀n bí ẹni tí iná gbé: ife tíì á já bọ́, síríńjì á fò lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Kì í ṣe àárẹ̀. Wárápá ni, ó sì lè jẹ́ ìkìlọ̀ pé èyí tó ń gbéni ṣubú ń bọ̀ láàárọ̀ yẹn gan-an. Ẹ sọ fún dókítà nípa gbígbọ̀n yìí kódà bí kò bá bi yín, torí pé carbamazepine, tó ń ran ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́, lè mú irú èyí burú sí i. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ ní láti gba ìwé lọ́wọ́ dókítà pé kó má ṣe iṣẹ́ alẹ́ rárá.

Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má ṣe iṣẹ́ alẹ́, kí ó sùn ní ọ̀sán kó tó lọ, ó kéré tán wákàtí méjì. Bó bá dé láàárọ̀, kí ó kọ́kọ́ sùn, kí ọjà àti ìfọṣọ dúró. Mo mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò ní gbọ́ èyí. Aṣọ dúdú lójú fèrèsé, òwú létí, kí fóònù wà ní yàrá kejì, ó máa ń ṣe díẹ̀. Oorun inú dáńfó lórí afárá Third Mainland kò ka nǹkan. Ara kì í wọnú oorun tó jinlẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dáńfó náà ṣe pàtàkì. Ẹ má jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má sì gun ọ̀kadà, kódà bí ẹ bá ti pẹ́ jù. Nínú BRT, ẹ dúró de èyí tí ẹ máa rí ìjókòó nínú rẹ̀. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀bùté Ẹ̀rọ̀ tàbí Falomo, kí ó de ẹ̀wù aláìrì mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó jókòó sí àárín, kì í ṣe etí ọkọ̀. Ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Blue Line, láti Máìlì Méjì dé Màríínà, ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri títí ọkọ̀ á fi dúró.

Lẹ́yìn káàdì ìdánimọ̀ ọsibítù tó wà lọ́rùn yín, ẹ fi bébà kékeré kan sí i, tí ẹ fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ. Kó kúrú, kí kọ̀ndọ́kítọ̀ lè kà á: "Wárápá ni mo ní. Kì í ràn. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ọwọ́ sí mi lẹ́nu. Ẹ má da omi sí mi lára. Ẹ má dì mí mú. Ẹ fi nǹkan rọ̀ sábẹ́ orí mi, bó bá dáwọ́ dúró kí ẹ yí mi sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù." Lẹ́yìn náà, nọ́mbà ẹni kan àti orúkọ oògùn. Ọ̀rọ̀ "kì í ràn" yẹn ni kí ẹ kọ tóbi jù, torí pé àwọn kan ṣì gbà pé itọ́ ẹni tí wárápá gbé lè kó bá ẹlòmíràn, wọ́n á sì sá. Àwọn mìíràn á gbìyànjú láti fi ṣíbí la ẹnu. Eyín ni wọ́n ń kán, wọn kì í gba ẹ̀mí là. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé ahọ́n ara rẹ̀ mì.

Ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀ka iṣẹ́ ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ajọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní wárápá tó lè wà láìsí pé ó dìde sí wọn, bí wọ́n bá rí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú tó tọ́. Ẹni tó ti pé ọdún púpọ̀ tí kò tíì dìde sí, kò sí ẹ̀ka tó yẹ kí wọ́n fi orúkọ wárápá lé e kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ṣì ń dìde sí lóṣooṣù, mi ò ní tàn án jẹ: kí ó má ṣe dúró lẹ́bàá dókítà ní tíátà iṣẹ́ abẹ, kí ó má ṣe dá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun tàbí aláìsàn tó ń fi ẹ̀rọ mí. Kíníìkì, ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdènà àkóràn, ìtọ́jú egbò lọ́sàn-án, ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo ìwọ̀nyí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì gidi ni.

Níbi tí ẹ bá wà, àwọn ìwà kan wà tí ó ń dín ewu kù. Ẹ má gbé ọmọ tuntun rìn lápá. Ẹ tẹ́ ẹ sínú ibùsùn oníkẹ̀kẹ́, kí ẹ máa tì í. Bó bá jẹ́ wíwẹ̀ fún ọmọ, kí ẹlòmíràn wà níbẹ̀. Àpótí abẹ́rẹ́ kó wà níbi tí ọwọ́ yín á dé láìrìn. Bí ẹ bá ṣe gún abẹ́rẹ́ tán, ibẹ̀ ni kó bọ́ sí, ẹ má dé e padà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se irinṣẹ́ tó gbóná, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa ṣí i. Ínsúlínì, potassium chloride àti oògùn ìrora líle, kí ẹni méjì yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí òfin wọ́ọ̀dù ṣe fẹ́ fún gbogbo nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀.

Èyí tí àwọn èèyàn kì í fiyè sí ni wárápá tí kì í gbéni ṣubú. Ojú á là, èèyàn á dúró, á máa fi ọwọ́ pa aṣọ tàbí kí ó máa jẹ ẹnu, fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kò sì ní mọ̀ pé àkókò kankan ti kọjá. Fún nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn, ewu rẹ̀ ni pé ó lè fún aláìsàn ní oògùn lẹ́ẹ̀mejì tàbí kí ó fo ẹnì kan. Nítorí náà, ẹ máa fọwọ́ sí ìwé oògùn lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kọ̀ọ̀kan kété tó bá ti gbé e mì. Ẹ má ṣe parí gbogbo wọ́ọ̀dù kí ẹ tó padà wá kọ ọ́ ní tábìlì. Bí ìwé bá fi hàn pé ẹ kò tíì kọ ọ́ ṣùgbọ́n oògùn ti kúrò nínú ike, ẹ pe ẹlòmíràn kí ẹ tó fi ọwọ́ kan nǹkan.

Àwọn kan máa ń ní àmì kó tó dé: nǹkan á máa gun òkè láti inú, òórùn tí kò sí níbẹ̀, tàbí bíi pé irú ọjọ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí. Bí ẹ bá ní i, ẹ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ kalẹ̀, ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kì í ṣe sórí àga, ẹ pe ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ti jọ fẹnu kò lé lórí. Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn líle, bó bá wà lápò yín, ẹlòmíràn ni kó gbà á, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú wárápá bí ẹni mọ owó, bó bá jẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣubú, ọkàn wọn á pòrúurùu, wọ́n á sáré gún un ní diazepam, oògùn tó ń dá wárápá dúró, ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wárápá á dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Kí ẹnì kan wo aago. Kí ẹnì kan kó abẹ́rẹ́ àti tírọ́lì kúrò. Bó bá dáwọ́ dúró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá pé ìṣẹ́jú 5, nígbà náà ni oògùn: diazepam 10 mìlígíráàmù sínú iṣan, kó má yára ju mìlígíráàmù 5 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ọ́síjìn àti ohun ìfúnmí wà nítòsí torí pé ó lè dá mímí dúró. Ẹ má gún diazepam sínú ẹran ìdí. Kì í wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa láti ibẹ̀. Bí iṣan kò bá rí, midazolam 10 mìlígíráàmù ni wọ́n ń gún sínú ẹran fún àgbàlagbà tó ju kílò 40 lọ. Bí nọ́ọ̀sì náà bá lóyún tó ti kọjá ọ̀sẹ̀ 20, ẹ wọn ìfúnpá, ẹ yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ má ṣe gbà pé wárápá àtijọ́ náà ni. Ó lè jẹ́ gìrì aboyún, magnesium sulphate ni ti ìyẹn.

Nígbà tó bá jí, á lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó yé, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò tíì pé. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí fún un. Ẹ yẹ ahọ́n rẹ̀ wò, ẹ bi í nípa ejìká, torí pé ó lè yẹ̀ láìhàn. Kí ẹlòmíràn ka ìwé oògùn gbogbo aláìsàn tó tọ́jú ní wákàtí kan tó ṣáájú. Ẹnì kan ni kó bá a délé. Ẹ má fi í sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá nìkan.

Nọ́ọ̀sì pọ̀ tó ń tọ́jú ara rẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù. Ẹni tó ní wárápá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ciprofloxacin àti ofloxacin, tí wọ́n ń lò fún ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní táífọ́ọ̀dù, lè jí wárápá dìde. Tramadol àti pethidine, tí wọ́n ń lò fún ìrora, náà bẹ́ẹ̀. Ti ibà le díẹ̀ sí i: ibà fúnra rẹ̀ lè jí i dìde, ṣùgbọ́n carbamazepine àti phenytoin, tí wọ́n jẹ́ oògùn wárápá, máa ń dín agbára oògùn ibà artemether-lumefantrine kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ sọ oògùn wárápá yín fún dókítà kó tó kọ ti ibà, ẹ sì tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò bí ara kò bá yá. Erythromycin, oògùn tó ń pa kòkòrò àkóràn, ní tirẹ̀, á mú carbamazepine pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ títí òòyì á fi máa kọ́ni. Àgbo ìtọ̀ màlúù tí àwọn àgbà ń fún ọmọ tí gìrì mú, májèlé ni: ó ń fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dá mímí dúró.

Ẹni tó lè lóyún kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sodium valproate láì bá dókítà sọ ọ́ yanjú, torí pé ó ń ba ọmọ inú jẹ́ ju àwọn oògùn wárápá yòókù lọ. Ẹni tó ń lò ó lọ́wọ́, kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Kí ó lọ rí dókítà kó tó lóyún. Carbamazepine, phenytoin àti phenobarbitone máa ń sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gbé mì di aláìlágbára.

Ààwẹ̀ àti ìṣọ́ òru náà wà níbẹ̀. Ìṣọ́ òru ní alẹ́ Friday lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ alẹ́ jẹ́ àìsùn lórí àìsùn, Ọlọ́run gbọ́ àdúrà ọ̀sán pẹ̀lú. Nínú Ramadan, sààrì àti ìṣínu lè gba oògùn méjì lọ́jọ́, ṣùgbọ́n àlàfo ọ̀sán á gùn ju ti òru lọ. Oṣù kan ṣáájú ni kí ẹ lọ bá dókítà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bá rí òṣù.

Nípa sísọ fún ọ̀gá: ẹ sọ fún mátírọ́ọ̀nù wọ́ọ̀dù, kíníìkì òṣìṣẹ́, àti ẹni méjì tí ẹ jọ máa ń wà ní ṣíìfù. Kò di dandan kí gbogbo ilé mọ̀. Ẹ mú lẹ́tà dókítà dání, kí lẹ́tà náà má ṣe sọ àìsàn nìkan. Kí ó sọ ohun tí ẹ lè ṣe, ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe, irú ṣíìfù tó bá yín mu, àti ìgbà tí wọ́n á tún yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́tà tó kàn sọ pé "nọ́ọ̀sì yìí ní wárápá" ló ń mú kí wọ́n gbé èèyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ní òfin tirẹ̀ lórí àwọn tó ní ìpèníjà ara láti ọdún 2011, ọ́fíìsì LASODA ló ń bójú tó o; ti ìjọba àpapọ̀, òfin ọdún 2018 tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní January 2019, lòdì sí kí wọ́n fi àìlera yọ èèyàn sọ́tọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá bèèrè, ẹ fi ìwé bèèrè, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Oògùn fúnra rẹ̀ ti wọ́n. Ní ọdún 2023, àwọn ilé iṣẹ́ oògùn GSK àti Sanofi kéde pé àwọn kò ní máa ta oògùn wọn tààrà ní Nàìjíríà mọ́, àwọn orúkọ oògùn wárápá kan sì di ohun tí à ń wá kiri. Bí oògùn bá ku ti ọjọ́ 14, ẹ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn. Ẹ rà á ní fámásí tí apòògùn wà, kì í ṣe lórí àtẹ ní Ìdúmọ̀tà níbi tí oòrùn ti ń pa á, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Bó bá jẹ́ carbamazepine tàbí phenytoin, ẹ má máa yí ilé iṣẹ́ tó ṣe é padà lóṣooṣù, torí pé ìyàtọ̀ díẹ̀ nínú bó ṣe ń wọ ẹ̀jẹ̀ lè jí wárápá dìde.

Bí ẹ bá ń lọ rí dókítà ọpọlọ, ì báà jẹ́ ní Ìdí-Àràbà tàbí ní Ìkẹjà, ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ: ọjọ́ àti aago tó dìde, ṣíìfù tí ẹ ṣe ní ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú, iye wákàtí tí ẹ sùn, oògùn tí ẹ gbàgbé, oògùn mìíràn tí ẹ lò, ọjọ́ nǹkan oṣù. Kí ẹlẹgbẹ́ tó bá rí i fi fóònù ya fídíò rẹ̀, bí ẹ bá ti gbà fún un tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú kan fídíò máa ń sọ irú wárápá tó jẹ́ fún dókítà ju ìdajì wákàtí àlàyé lọ. Ẹ kọ róstà oṣù tó ń bọ̀ sí ẹ̀yìn ìwé náà, kí dókítà lè fi oògùn àti róstà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kó tó kọ iye mìlígíráàmù tuntun.